Àpótí fídíò so mọ́ Wi-Fi ilé, ṣùgbọ́n ó ní òun kò rí íntánẹ́ẹ̀tì

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Mo kí gbogbo ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé àpótí fídíò Android kan, irú èyí tí a ń fi wáyà HDMI so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, lọ fún àwọn òbí mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kí wọ́n lè máa rí ìwàásù àti eré Yorùbá wò lórí YouTube láìjẹ́ pé wọ́n ń tẹjú mọ́ fóònù kékeré. Ráótà tó ń lo síìmù wà nínú pálọ̀ kan náà. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé àpótí náà ń rí orúkọ Wi-Fi, ó ń gba páswọ́ọ̀dù, ó sì ń kọ ọ́ sójú pé òun ti so pọ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tí yóò fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá mú fóònù mi dúró síwájú tẹlifíṣàn gan-an, lórí Wi-Fi kan náà, fídíò ń lọ geere. Ní ọjọ́ mìíràn, àpótí yìí á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìsí wàhálà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, á kọ̀ jálẹ̀. Bàbá mi ti ní kí n dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí n tó gbé e lọ, mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ sọ ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò fún mi.

Atúnẹ̀rọṣe Ajílòsun

Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn àgbà. Ẹ má tíì dá a padà, nítorí pé ẹ̀rọ tó gba páswọ́ọ̀dù tó sì so pọ̀ ti fi hàn pé eriali rẹ̀ ń gbọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ìrìn méjì ni fídíò ń rìn kó tó dé ojú tẹlifíṣàn: ti àkọ́kọ́ ni láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù wá sí ráótà, ti èkejì ni láti ráótà wá sí àpótí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wá bá mi ní Adó kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń ra ẹ̀rọ tuntun nígbà tó jẹ́ pé dátà ló tán, tí ẹlòmíràn sì ń ra dátà lé dátà nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège. Fóònù yín tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan náà ti dá ìrìn àkọ́kọ́ láre. Ó ku èkejì, ó sì ku àpótí fúnra rẹ̀.

Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí abala nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yín, kí ẹ wo àdírẹ́sì IP tó wà níbẹ̀. Ráótà ló ń pín àdírẹ́sì yìí fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé bí onílé ṣe ń pín yàrá fún ayálégbé, ètò tó sì ń lò fún un ni wọ́n ń pè ní DHCP. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ó ti gba yàrá nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà ló fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, kò sì lè fi ìyẹn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn Android mìíràn kò tilẹ̀ ní fi nọ́ńbà kankan hàn. Wọ́n á kàn máa kọ ọ́ pé àwọn ń wá àdírẹ́sì, wọn kò sì ní kọjá ibẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì sínú àpótí náà tẹ́lẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ àlòkù lẹ rà, nítorí pé àdírẹ́sì tó bá ráótà ilé ẹni tó tà á mu lè má bá tiyín mu. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ yí i padà sí DHCP.

Ohun méjì ni mo tún fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ àti aago wo ló wà lójú àpótí náà nígbà tó bá ń kọ̀? Kí ló sì ń fún un ní iná: ṣájà tó bá a wá ni, àbí ihò USB tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn?

Ìyá Ìbejì Ìjerò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Tèmi kò tilẹ̀ dé ibi tí ti ọ̀gá tíṣà dé. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi àpótí kan ránṣẹ́. Gbogbo fóònù inú ilé ń rí Wi-Fi wa, ṣùgbọ́n àpótí yìí kò rí orúkọ rẹ̀ rárá. Ó ń rí ti aládùúgbò tó wà ní òdìkejì títì, kò rí tiwa tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé wọ́n ti tì í pa láti ọ̀hún ni?

Atúnẹ̀rọṣe Ajílòsun

Rárá o, Mọ̀mí, wọn kò tì í pa. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀, nítorí pé iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, tiwa sì jẹ́ 230V. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 100–240V síbẹ̀, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì; ẹ wá ṣájà tó bá a mu níbí.

Ní ti orúkọ tí kò rí, nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Ráótà òde òní ń lo ìgbì méjì, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ìgbì 5 GHz yára, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kọjá ara ògiri, 2.4 GHz lọ́ra jù ú lọ, ó sì ń rìn jìnnà. Àpótí àtijọ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú lè jẹ́ èyí tó ń gbọ́ 2.4 GHz nìkan, bí ráótà yín bá sì ń lo 5 GHz nìkan, àpótí náà kò ní mọ̀ pé Wi-Fi kankan wà níbẹ̀. Ẹ wọ ojú ìwé ráótà náà láti orí fóònù, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n tan 2.4 GHz. Ọ̀pọ̀ ráótà ni ẹ ó rí ojú ìwé wọn bí ẹ bá tẹ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 sínú bíráwúsà, wọ́n sì sábà máa ń kọ àdírẹ́sì náà àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ráótà.

Èkejì ni mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ tiyín, nítorí ibi tí àpótí ti wá. Ìgbì 2.4 GHz pín sí ìkànnì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń wo ìkànnì 1 títí dé 11, kì í wo èyí tó kọjá ibẹ̀. Ráótà tí wọ́n ṣe fún ibòmíràn lágbàáyé lè bọ́ sórí 12 tàbí 13 fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láti máa yan ìkànnì tó wù ú. Fóònù tí ẹ rà níbí á rí i, àpótí ti Amẹ́ríkà kò ní rí i láéláé. Ẹ mú ìyànfúnra-ẹni yẹn kúrò, kí ẹ yan 1, 6 tàbí 11. Mo dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nítorí pé wọn kì í gun ara wọn. Ẹni tó bá yan 3 tàbí 4 á máa bá ẹni tó wà lórí 1 àti ẹni tó wà lórí 6 jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fún àwa tí à ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Ọ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Wi-Fi họ́sítẹ́ẹ̀lì wa kì í béèrè páswọ́ọ̀dù nígbà tí a bá ń so mọ́ ọn. Ojú ìwé kan ló ń ṣí lẹ́yìn náà, ibẹ̀ la ti ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà káàdì tí a rà. Igi tẹlifíṣàn, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó rí bíi fúláàṣì tí a ń kì bọ HDMI, kì í sábà ní bíráwúsà tó lè ṣí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí náà á so pọ̀, kò sì ní rí nǹkan kan. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ń tan hotspot, ìyẹn Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù fúnra rẹ̀ ń pín, láti orí kọ̀ǹpútà tó ti wọlé tán, igi náà á sì so mọ́ ti kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà kò bá sí, hotspot fóònù dára láti fi dán an wò: bí àpótí bá ṣiṣẹ́ lórí hotspot fóònù tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi ilé, a ti mọ̀ pé ráótà ló yẹ ká bi ní ìbéèrè. Kí ẹ rántí pé dátà fóònù yín ló ń jẹ o.

Àgbà Ẹ̀fọ̀n

Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ dára, ìdánwò hotspot yẹn ni èmi náà máa ń sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbèjà ìrìn àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Ajílòsun yára dá láre, nítorí pé fún àwa tí à ń gbé láàárín òkè, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè níbí, òkè lè wà láàárín ilé rẹ àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìgbì fóònù kì í sì í gba inú òkúta kọjá. Ẹ ó rí i pé yàrá kan nínú ilé ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lágbára, yàrá tó kọjú sí òkè kò ní nǹkan kan. Ráótà tó ń lo síìmù ní láti wà níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbọ́ òpó dáadáa, ìyẹn lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òpó, lókè díẹ̀, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí lẹ́yìn tẹlifíṣàn nítorí pé ibẹ̀ ló fani mọ́ra jù. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá máa ronú bí Wi-Fi yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àpótí.

Ilé àtijọ́ tún ní tirẹ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn tí àwọn bàbá wa mọ ń fa ìgbì mu ju bí ẹ ṣe rò lọ, ilẹ̀kùn onírin sì burú jù ú lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri méjì irú rẹ̀ wà láàárín ráótà àti àpótí, ẹ má ṣe retí kí 5 GHz ṣe ohunkóhun fún yín, 2.4 GHz ni kí ẹ lò. Kí ẹ má sì gbé ráótà sẹ́gbẹ̀ẹ́ máíkírówéfù, orí ìgbì tó súnmọ́ 2.4 GHz lòun náà ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí ilé tí fídíò ti máa ń dúró ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ kaná nínú rẹ̀.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti padà sílé lópin ọ̀sẹ̀, mo sì ti wo gbogbo ohun tí ẹ ní kí n wò. Àdírẹ́sì IP rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ó sì wà lórí DHCP. Ó ṣiṣẹ́ lórí hotspot fóònù mi ní ìgbà kan, kò ṣiṣẹ́ ní ìgbà mìíràn, ìyẹn ló tún wá da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lójú. Ihò USB ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ló ń fún un ní iná, nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kò tó ní pálọ̀ náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀. Àná, lẹ́yìn tí iná lọ tó sì dé, mo wo igun ojú tẹlifíṣàn lókè, aago kan òru ló wà níbẹ̀ ní ojú ọ̀sán gangan. Nígbà tí mo ṣí abala ọjọ́ àti aago, January 1, 1970 ni mo bá níbẹ̀. N kò tíì ka ìyẹn sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Atúnẹ̀rọṣe Ajílòsun

Ó ti tán, Ọ̀gá tíṣà. Aago yẹn gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Fóònù ní bátìrì, kì í gbàgbé aago, ó sì tún lè gba aago láti ara òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àpótí fídíò olówó pọ́ọ́kú kò sábà ní bátìrì tó ń pa aago mọ́. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni ó ń gbàgbé ọjọ́, nígbà tó bá sì jí, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Android àti àwọn ètò tó bá a tan ti ń ka àkókò bọ̀, ìyẹn ọ̀gànjọ́ òru January 1, 1970 ní ti aago Greenwich. Aago tiwa fi wákàtí kan síwájú ti Greenwich, ìdí nìyẹn tí ẹ fi bá aago kan níbẹ̀. Àwọn àpótí mìíràn máa ń padà sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe sọ́fítíwíà wọn dípò 1970, nítorí náà ẹni tó bá rí ọjọ́ kan ní 2015 tàbí 2018 lójú tirẹ̀ kí ó mọ̀ pé àìsàn kan náà ni.

Ẹ wá wo bí ìyẹn ṣe ń di àìsí íntánẹ́ẹ̀tì. YouTube àti gbogbo ibi tó ní ìsopọ̀ tó ní ààbò ń fi ìwé ẹ̀rí han ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ tó bá wọn sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Àpótí tó gbà pé 1970 la wà á wo ìwé ẹ̀rí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, á ní kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì kọ̀ ọ́. Ọ̀nà kan náà ni Android ń lò láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà: ó ń kàn sí ojú ibì kan lọ́dọ̀ Google, bí ìyẹn kò bá sì bọ́ sí i, á kọ ọ́ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà là sílẹ̀ gbayawu.

Ó yẹ kí àpótí béèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó sì ń béèrè. Ibi tí ọ̀ràn wà ni pé nígbà tí iná bá dé, àpótí àti ráótà ń jí pa pọ̀. Ráótà síìmù ní láti wá òpó, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, kó tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò pín. Àpótí á ti béèrè aago kí ìyẹn tó parí, kò rí ìdáhùn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í tètè béèrè padà. Ní ọjọ́ tí ráótà bá yára tàbí tí iná kò lọ rárá, ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣe yín bíi pé ẹ̀rọ náà ń ṣe bó ṣe wù ú, ìdí náà sì nìyẹn tí ìdánwò hotspot fi ń fún yín ní èsì méjì.

Nísinsìnyí, ẹ wọ abala ọjọ́ àti aago, ẹ mú aago aládàáṣe kúrò, ẹ fi ọwọ́ tẹ ọjọ́ òní àti aago òní, kí ẹ yan Lagos gẹ́gẹ́ bí agbègbè aago. Íntánẹ́ẹ̀tì yóò wọlé lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá aago aládàáṣe padà, kó lè máa tún ara rẹ̀ ṣe. Láti ìsinsìnyí lọ, bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí ráótà tan tán, kí iná nẹ́tíwọ́ọ̀kì ara rẹ̀ dúró ṣinṣin, kí ẹ tó tan àpótí.

Ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ihò USB tẹlifíṣàn yẹn. Ihò USB 2.0 kò ní ju ìdajì ampere (òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) lọ láti fún ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀, ọ̀pọ̀ igi tẹlifíṣàn sì ń fẹ́ ampere kan, àpótí mìíràn ń fẹ́ méjì. Bí Wi-Fi bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sókè, iná tó ń gbà kò ní tó, Wi-Fi á já, nígbà mìíràn gbogbo àpótí á kú tan. Kò tán síbẹ̀: bí wọ́n bá pa tẹlifíṣàn, iná àpótí náà lè kú, aago sì tún lọ nìyẹn. Ẹ wá ẹ̀rọ ìpínná (ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n) tó dára fún pálọ̀ náà, kí àpótí lè lo ṣájà tirẹ̀.

Ọmọ Adó ní ìdálẹ̀

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè òkun, inú mi dùn. Lórí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí tí Ọ̀gá Ajílòsun mẹ́nu bà, ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un fún àwọn tó máa ń sáré lọ sídìí ìpadàbọ̀sípò ilé-iṣẹ́, èyí tó ń pa gbogbo ohun inú ẹ̀rọ rẹ́. Ní March 2025, Chromecast ìran kejì, ẹ̀rọ Google tí a ń kì bọ HDMI tẹlifíṣàn, tó jáde ní 2015, ṣíwọ́ iṣẹ́ káàkiri àgbáyé lọ́jọ́ kan náà. Wi-Fi kò ṣe nǹkan kan, ráótà kò ṣe nǹkan kan; ìwé ẹ̀rí inú ẹ̀rọ náà gan-an ló parí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Google kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe dá a padà sípò ilé-iṣẹ́, wọ́n sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó ṣòro fún ẹni tó ti pa tirẹ̀ rẹ́ láti tún un gbé kalẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ bá kọ̀ lójijì tí ẹ kò yí ohunkóhun padà, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ń ṣe àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì Ìjerò

Ọ̀gá Ajílòsun, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́ o. Ọmọ aládùúgbò mi bá mi wọ ojú ìwé ráótà, orí ìkànnì 13 ló wà lóòótọ́. Ó yí i sí 6, orúkọ Wi-Fi wa sì yọ lójú àpótí kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé nítorí pé òǹkà òdo àti lẹ́tà O jọra wọn nínú páswọ́ọ̀dù, rìmóòtù náà sì ń múni tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè mi tó kù ni ti owó dátà. Àwọn ọmọ ń wò ó láti òwúrọ̀.

Àgbà Ẹ̀fọ̀n

Ìyá Ìbejì, ẹ dín bí àwòrán ṣe mọ́ tó kù. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí kan ń jẹ tó 1 GB bí àwòrán bá wà ní ìpele lásán, ó sì lè tó 3 GB ní ìpele HD. Lórí YouTube, ẹ yan 480p. Lórí tẹlifíṣàn kékeré, ojú àwọn ọmọdé kò ní mọ ìyàtọ̀. Ó tún ní àǹfààní kejì fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára, nítorí pé HD kíkún ń fẹ́ tó 5 Mbps (òṣùwọ̀n bí dátà ṣe ń yára wọlé) tí kò gbọdọ̀ já, nígbà tí ìpele tó rẹlẹ̀ lè máa fi díẹ̀ lọ láìdúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ má gbàgbé pé èèyàn lè wo fídíò tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti orí tẹlifíṣàn láìná kọ́bọ̀ dátà. Àpótí àti kọ̀ǹpútà kàn ní láti wà lórí Wi-Fi kan náà. Èèyàn á pín fódà fídíò láti orí kọ̀ǹpútà, á fi VLC, ètò kan tó ń ṣí fídíò, sórí àpótí, VLC á sì rí fódà náà ní abala nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé. Kò béèrè pé kí síìmù wà nínú ráótà rárá. Wàhálà tí mo ní ni pé ní ilé ẹ̀gbọ́n mi, àpótí àti kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò rí ara wọn. Kí ló lè fà á?

Atúnẹ̀rọṣe Ajílòsun

Àbúrò, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan nínú wọn wà lórí Wi-Fi àlejò. Ọ̀pọ̀ ráótà ni wọ́n ṣe kí ẹni tó bá wà lórí Wi-Fi àlejò lè jáde síta láìrí àwọn tó wà nínú ilé. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ wá ohun tí wọ́n ń pè ní AP Isolation lórí ojú ìwé ráótà, kí ẹ pa á. Ó wúlò ní òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí kò yẹ kí àlejò kan rí fáìlì àlejò kejì. Kò wúlò ní ilé ẹbí.

Nígbà tí mo ṣì wà lórí ráótà, àpótí àtijọ́ lè rí Wi-Fi kí ó sì máa kọ páswọ́ọ̀dù tó tọ́. Ẹ wo irú ààbò tí ráótà ń lò. WPA3 jáde ní 2018, ẹ̀rọ tó ti wà ṣáájú rẹ̀ lè má gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ yan WPA2, tàbí èyí tó pa WPA2 àti WPA3 pọ̀. Ẹ má yọ páswọ́ọ̀dù kúrò pátápátá nítorí kí ó lè ṣiṣẹ́, dátà yín ni gbogbo àdúgbò yóò máa lò.

Àgbà Ẹ̀fọ̀n

Kí n fi kan kún un fún àwọn tó fẹ́ràn èdè wa bíi tèmi. Orúkọ Wi-Fi kò lè ju báìtì 32 lọ (báìtì ni òṣùwọ̀n àyè tí lẹ́tà ń gbà nínú ẹ̀rọ), lẹ́tà kan tó ní ààmì lórí àti lábẹ́, bíi ọ́, sì lè jẹ tó báìtì márùn-ún. Àpótí àtijọ́ mìíràn kì í lè ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Á sọ ọ́ di àmì ìbéèrè àti àpótí kéékèèké, nígbà mìíràn kò sì ní so mọ́ ọn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bá àpótí jà, ẹ kọ orúkọ Wi-Fi láìfi àmì sí i.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Mo ti tún aago ṣe, íntánẹ́ẹ̀tì wọlé lójú ẹsẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Mo ti fi ẹ̀rọ ìpínná sí pálọ̀, àpótí ti wà lórí ṣájà tirẹ̀. Ìṣòro tó kù ni pé bí iná bá dé, màmá mi kò ní dúró de ráótà. Wọ́n á ti tan gbogbo rẹ̀ papọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé UPS kékeré wà tó ń gbé ráótà fún wákàtí díẹ̀ bí iná bá lọ. Ṣé kí n ra èyíkéyìí tí mo bá rí ní Ọjà Ọba?

Atúnẹ̀rọṣe Ajílòsun

UPS kékeré yẹn dára, òun gan-an ni ojútùú fún màmá, nítorí pé ráótà kò ní kú mọ́. Bí àpótí bá jí tó sì béèrè aago, á rí ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ra èyíkéyìí o. Ráótà mìíràn ń jẹ 12V, òmíràn 9V, òmíràn 5V, ihò tó sì jọra kò túmọ̀ sí pé iná wọn jọra: 12V tó bá wọ inú ráótà 5V lè bà á jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo V (volt) àti A (ampere) tí wọ́n kọ sára ṣájà ráótà. V gbọ́dọ̀ bára mu. A ti UPS lè ju ti ráótà lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Ẹ tún wo àwòrán róbótó kékeré tó ń fi ibi tí pọ́sítíìfù wà hàn, àárín ni tàbí etí, kí méjèèjì jọra. Ẹ ya fọ́tò ara ṣájà náà, kí ẹ fi han ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.